Ta Ló Dúró Tì Ẹ́?

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì ni àwọn ìyá àdúgbò wa ní Ṣómólú ti sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi di ibi tí wọ́n ń mú ọmọ wá. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, ìyá á ní, "Màmá Dókítà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ o, iṣẹ́ abẹ ló ní òun fẹ́ ṣe." Ọmọ á máa wo ilẹ̀, ìyá á máa dáhùn gbogbo ìbéèrè tí mo bá bi ọmọ. Mo máa ń fún wọn lómi tútù, lẹ́yìn náà màá ní kí ìyá lọ dúró ní gbàgede. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ síbí, torí ọ̀fun mi ò gba àsọtúnsọ mọ́.

Iṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni mo ṣe. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹsẹ̀ máa ń dí nígbà míì, bí páìpù omi ilé ṣe ń dí. Tó bá dí, ẹsẹ̀ á tutù, á dúdú, á sì kú. Iṣẹ́ wa ni ká má jẹ̀ẹ́ kó kú. Láyé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, abẹ la fi ń la ara dé ibi tí iṣan wà, a ó yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, a ó sì rán an padà. Nígbà tó yá, ọ̀nà míì dé. Ihò bíńtín la ó gún síbi tí itan ti pàdé ikùn, a ó ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan lọ, a ó fi rọ́bà tó ní bàlúùnù lórí tẹ̀lé e, a ó sì fẹ́ bàlúùnù náà níbi tó dí. A ò ní la ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ àwòrán kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ló ń fi ibi tí wáyà dé hàn wá. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè. Ẹ fi òwe yẹn pamọ́, a ṣì máa lò ó.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń san, ẹ má bi mí. Wọ́n gbà mí, wọ́n san ohun tí wọ́n san. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ni bó ṣe di pé èmi, ọmọ atẹ̀wé, ni wọ́n ní kó sọ bóyá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mọ iṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé náà. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi ti wá. Ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí iwájú ilé wa ní Ṣómólú, ní òpópónà kan tó jẹ́ pé gbogbo ilé ibẹ̀ ló ń tẹ nǹkan: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Ariwo ẹ̀rọ la fi ń sùn, ìgbà tó bá dákẹ́ la máa ń jí. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi gbọ́dọ̀ tẹ iṣẹ́ aláwọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lójú rẹ̀ kó tó gba frídọ̀mù. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń gba inú ẹ̀rọ kọjá lọ́tọ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jókòó síra wọn gẹ́lẹ́. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ètè ìyàwó inú káàdì á di méjì.

Ó wá kan ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n ti ya àga, wọ́n ti se ìrẹsì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wọ agbádá jókòó síwájú. Bàbá mi gbé bébà náà sókè sí oòrùn, ó wò ó títí, ó ní pupa ò jókòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Sálámì, ṣé torí pupa lo ṣe máa dójú tì mí láàárín èèyàn?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú gbogbo wọn. Ilẹ̀ tó wà yẹn ló ti dáhùn. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ ìrẹsì yín. Ìrẹsì ti jinná. Ọmọ ni kò tíì jinná."

Mo kéré nígbà yẹn, mo rò pé ìkà ni bàbá mi. Ọmọ náà padà sídìí ẹ̀rọ, ó tún un tẹ̀ títí pupa fi jókòó, ó sì gba frídọ̀mù rẹ̀ láìsí àga láìsí ìrẹsì. Òun ló jogún ilé ìtẹ̀wé náà, ó sì wà níbẹ̀ dòní, kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe é báyìí.

Nígbà tí mo di dókítà tí mo sì yan iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ Dókítà Ṣótúndé ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ohùn rẹ̀ kéré, kì í pariwo. Ó ní ẹni tó bá ń pariwo ní tíátà, ẹ̀rù ló ń bà á. Dídákẹ́ ló fi ń fi ìbínú tiẹ̀ hàn, ìdákẹ́ yẹn sì burú ju igbe lọ.

Yàrá kan wà lẹ́yìn tíátà tá a ti ń fi iṣan màlúù kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán iṣan, èyí tá a rà lọ́wọ́ alápatà. Òwú tá a fi ń rán an tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Ọ̀gá á dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú abọ́ irin lọ́wọ́, abọ́ tá a fi ń kó abẹ. Á dúró, á dúró, títí a ó fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Lójijì ló máa jù ú sílẹ̀ gbàgàdà. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn ti rí i he. Ọ̀gá á kàn ní, "Jáde." Lọ́jọ́ yẹn, olúwarẹ̀ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Wọ́n lé mi jáde títí mo fi mọ gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri ìta.

"Ojú ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ọwọ́ ẹ," ló máa ń sọ fún wa. "Ibi tí ọwọ́ ẹ wà lẹ̀mí aláìsàn wà."

Ohun kejì tó máa ń sọ, ìbéèrè ni. Mo sáré bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo ní, "Ọ̀gá, mo rán iṣan itan kan lánàá, ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀."

Kò gbójú sókè níbi tó ti ń kọ̀wé. "Ta ló dúró tì ẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Wọ́n pe ọ̀gá tó yẹ kó wà níbẹ̀, kò lè dé."

"O ò ṣe é nìyẹn. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni."

Ó dùn mí wọ eegun. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Tí nǹkan bá bọ́ sí i fún ẹ tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, o ò lè mọ̀ bóyá ìmọ̀ ni tàbí orí ire. Orí ire ò sì ṣeé fún aláìsàn kejì. Ẹni tó bá dúró tì ẹ́ ló máa sọ fún ẹ èwo ni. Gbogbo ẹni tó bá wá yangàn fún Ọ̀gá ló máa ń bi ní ìbéèrè yẹn, kì í ṣe ojúsàájú. Àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá ń bi ara wa bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹnì kan á ní òun tẹ ẹ̀bà, a ó ní ta ló dúró tì ẹ́.

Lẹ́yìn tí àwọn ológun kó ẹrù wọn padà sí bárékè, tí ìjọba alágbádá dé, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn, Ọ̀gá kúrò níṣẹ́ ìjọba. Ilé ìwòsàn aládàáni kan lágbègbè wa ló pè é, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fà mí dání lọ. Ilé ìwòsàn náà ra ẹ̀rọ àwòrán tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, àlòkù ni, àmọ́ ó ń ríran. Wáyà àti bàlúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀ ọ́n lò.

Ọ̀gá ní, "Rísì, ìwọ lo máa lọ. Má kàn lọ wò ó o. Kọ́ ọ wá." Bí mo ṣe lọ sí Íńdíà nìyẹn, mo sì lo ọdún méjì níbẹ̀.

Olùkọ́ mi níbẹ̀, obìnrin kúkurú kan, wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó rí i pé ojú mi ń sá lọ bá ọwọ́ mi ṣáá. Ó mú aṣọ tíátà kan, ó fi bo ọwọ́ mi méjèèjì mọ́lẹ̀. Ó ní ibi tí ọwọ́ mi wà kọ́ lẹ̀mí aláìsàn wà, ibi tí orí wáyà wà ni, orí wáyà sì nìyẹn lójú ẹ̀rọ. Mo rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá fi abọ́ irin gbìn sí mi lọ́rùn ni obìnrin yìí ń fi aṣọ fà tu. Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọrùn mi tó gbà fún un. Ọ̀dọ́ sì ni mí nígbà yẹn.

Ìgbà tí mo wà lọ́hùn-ún ni nǹkan bà jẹ́ nílé. Dókítà Àjàyí, olórí ilé ìwòsàn wa, ló rò ó fún mi nígbà tí mo dé, kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

Àwọn aláìsàn ń pọ̀, èmi ò tíì dé, ẹ̀rọ sì wà nílẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe. Ọ̀gá lọ sókè òkun fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀. Ó wo àwọn tó ń ṣe é, ó fi ẹsẹ̀ ike tí wọ́n ṣe iṣan sínú rẹ̀ dánra wò, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tó dán. Nígbà tó padà dé, àwọn ìgbìmọ̀ jókòó láti sọ bóyá kó máa ṣe é. Ilé ìwòsàn wa ò ní òfin kankan lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Ẹnì kan béèrè bóyá kí wọ́n bá Ọ̀gá wá ẹni tó máa dúró tì í fún àwọn àkọ́kọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ló kọ́ gbogbo wọn. Ta ni yóò pe bàbá rẹ̀ wá pé kó wá fi bó ṣe ń jẹun han òun? Àgbà inú wọn ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì dìde dúró fún un nígbà tó wọlé.

Kò sẹ́ni tó gba rìbá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó purọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣe é.

Aláìsàn tí Ọ̀gá kọ́kọ́ fi wáyà tọ́jú ni Ìyá Ẹbùn, tó ń ta ẹja yíyan létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, egbò kan wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò fẹ́ jinná. Wáyà wọlé dáadáa. Níbi tí iṣan ti yà, Ọ̀gá wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó láti ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró. Kó tó gbójú padà sórí ẹ̀rọ, wáyà ti gún iṣan já. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú. Ọ̀gá ju wáyà sílẹ̀, ó gba abẹ, ó la ibẹ̀, ó sì dí i. Àjàyí ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, bí ọwọ́ ọkùnrin yẹn ṣe yá tó. Abẹ yẹn ló gba ẹ̀mí obìnrin náà là. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ebi ẹ̀jẹ̀ ti ń pa tẹ́lẹ̀ ò gbà á mọ́. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn ọmọ obìnrin náà. Ó ní, "Wáyà ló gún un. Ọwọ́ mi ló wà lórí wáyà." Kò fi ti ìtọ̀ ṣúgà kún un, bẹ́ẹ̀ sì ni ì bá fi kún un tó bá fẹ́. Wọ́n ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún Ìyá Ẹbùn ní Igbóbì lẹ́yìn náà, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Ọ̀gá ò fọwọ́ kan wáyà mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí mo fi dé.

Àjàyí ní kí n gbé òfin kalẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀, kò gùn rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ di wáyà mú, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì í, títí ẹni yẹn á fi lè sọ pé ó tó. Ìwé ẹ̀rí ò ní dípò rẹ̀. Ọjọ́ orí náà ò ní dípò rẹ̀.

Àjàyí kà á, ó fi gègé rẹ̀ ta tábìlì. "Ọ̀gá ńkọ́?"

"Ọ̀gá wà níbẹ̀."

"Ta ni yóò wá dúró tì í?"

Mo gba ìwé mi padà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà mọ̀ pé èmi nìkan ló mọ iṣẹ́ náà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ilé ìwòsàn kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ní mo lọ sí Íńdíà lọ gbé ìwọ̀sí wálé. Ẹnì kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ pè mí lórí fóònù pé ṣé mo ti gbàgbé ẹni tó fi mí ránṣẹ́ síbẹ̀ ni. Mi ò gbàgbé. Mo lọ bá bàbá mi nínú àga rẹ̀ níwájú ilé, ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé pupa jókòó?"

Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀, Bàbá."

"Lọ wò ó nígbà náà. Kí lò ń bi mí sí?"

Mo kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo gbé òfin náà síwájú rẹ̀. Ó kà á, ó sì fi ìdákẹ́ rẹ̀ lé mi jáde. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, abẹ rẹ̀ ló ń lò, èmi ń ti wáyà lódìkejì ògiri, a kì í pàdé àfi lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wọlé bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti wọ ẹ̀wù òjé, ẹ̀wù wúwo tá a máa ń wọ̀ kí ìtànṣán ẹ̀rọ má bàa wọ̀ wá lára.

"Rísì, mo fẹ́ kọ́ ọ."

Mo ní kó má ṣe wàhálà, pé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ tó, pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ìyá Ẹbùn nìkan ni mo fi wáyà tọ́jú láyé mi." Ó ń so okùn ẹ̀wù náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan. Mo fẹ́ fi ọ̀kan tó dáa tì í kí n tó lọ sílé."

Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún mi. Ká ní ipò ló ń wá ni, ì bá rọrùn.

A fi ẹsẹ̀ ike bẹ̀rẹ̀. Mo da aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe fún mi. Ó tẹ orí ba, ó ń wo aṣọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ojú," á gbé orí sókè, kò pẹ́, orí á tún wálẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá má ju abọ́ irin sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í pẹ́ dé, kì í bínú, ó máa ń béèrè ohun tí kò bá yé e bí ọmọ ilé ìwé. Mi ò ní ọmọ iṣẹ́ tó dà bíi rẹ̀ lẹ́yìn náà. Oṣù ń gorí oṣù, ó ń dáa sí i. Ó ń dáa sí i lóòótọ́, mo ń rí i.

Ìgbà tó yá la mú un dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní Bárígà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó rìn dé mọ́sálásí. A sọ fún un ẹni tó ń kọ́ àti ẹni tó ń kọ́ni, ká má rẹ́ ẹ jẹ. Ó wo irun funfun Ọ̀gá, ó wo èmi, ó béèrè pé ṣé òun gbọ́ ọ dáadáa. A ní ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní òun ti kọ́ ọmọ títí, òun ò tíì rí irú èyí, kí a máa ṣe é lọ.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, ọwọ́ mi wà nítòsí tiẹ̀. Wáyà wọlé, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Ní àárín itan, orí rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ojú." Ó gbé e sókè. Wáyà dé ibi tí iṣan ti yà, ibi tí ti Ìyá Ẹbùn ti bà jẹ́ gan-an. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti dá ọwọ́ dúró. Kò ti wáyà, kò fà á. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì.

Ó ní, "Gbà á."

Mo gbà á. Mo parí rẹ̀, bàlúùnù ṣí, ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọ̀gá ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Tíṣà níkẹyìn, ó ní ó ti ń gbóná.

Ó ń dúró dè mí níta. Kò tíì bọ́ ẹ̀wù òjé.

"Ṣé wàá sọ pé ó tó?"

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì níbẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà bíi bàbá mi, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀. "Rárá, sà."

Ó dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń lé èèyàn jáde.

"Lọ́jọ́ ti Ìyá Ẹbùn, ta ló dúró tì mí?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Lónìí ńkọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Mi ò ṣe ti Ìyá Ẹbùn, ó ṣẹlẹ̀ sí i ni, èmi ni mo sì jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo ṣe tòní. Mo ṣe é débi tí mo mọ̀ ọ́n dé, mo sì gbé e sílẹ̀." Ó fà mí lọ́wọ́ dìde. "Dìde, símẹ́ǹtì yẹn tutù."

Kò di wáyà mú mọ́ láyé rẹ̀. Òfin náà dúró, àwọn tó wá lẹ́yìn ò sì mọ̀ pé ìjà wà lórí rẹ̀ rí. Tí ẹnì kan bá wá láti òkè òkun pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, bó ti wù kó tóbi tó, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní wọ́n dúró ti Ọ̀gá Ṣótúndé náà," ọ̀rọ̀ á sì tán. Mo kọ́ àwọn kan, mo ní kí àwọn kan lọ ṣe nǹkan míì. Wáyà ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lọ́dọọdún, ẹ̀rọ ń ríran sí i. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó nílò pé kéèyàn máa fi ìka tẹ nǹkan lórí gíláàsì dé, mo yẹ ọrùn ara mi wò, mo sì kọ̀wé fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò yé wá sí yàrá ìkọ́ṣẹ́. Kó tó lọ sílé pátápátá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń kọ́ wáyà lábẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ ike ló wà nílẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Mo dúró tì í, ojú rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, aṣọ wà lórí ọwọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí Ọ̀gá wọlé. Abọ́ irin bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wa gbàgàdà.

Ọmọbìnrin náà ò mira. Ojú rẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ. Èmi ni mo bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gá dúró síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Ó ní, "Rísì, jáde."

Mo ní, "Mi ò lè jáde, sà. Èmi ni mo dúró tì í."

Ó wò mí, ó wo ọmọbìnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mú abọ́ náà nílẹ̀, ó sì rọra jáde.